Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún òkú lóògùn kí wọ́n tó gé nínú ẹran ara rẹ̀

Àǹtí mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ẹ ní mọ́tò jóná lọ́nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, òkú mẹ́ta wà ní mọ́ṣúárì tí ẹnikẹ́ni ò dá mọ̀, bàbá àti ìyá yín ti kú, ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ̀yin àti ọbàkan yín ọkùnrin tó fún àyẹ̀wò DNA tí wọ́n máa fi mọ ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin. Ọ̀nà yẹn náà ni àbúrò mi kú sí.

Lónìí gan-an ni kí ẹ sáré lọ sí mọ́ṣúárì, kí ẹ ní wọn ò gbọdọ̀ fa fọ́málíìnì sí òkú kankan lára. Ní tèmi, ọjọ́ kejì ni wọ́n ti fún gbogbo wọn. Ọlọ́pàá ní kí n dúró de dókítà, dókítà ní kí n dúró de ìwé ọlọ́pàá. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, kò sí ọ̀gá kan tó là á yé mi pé oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú jẹrà yẹn náà ló ń ba DNA jẹ́. Wọ́n gé ẹran itan, a gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Àwọn ẹbí ti gbẹ́ sàréè sílẹ̀. Òjò kún inú rẹ̀. Èmi ni mo lọ bá ìyá mi pé a tún fẹ́ padà lọ gé ara ọmọ rẹ̀.

Eyín ẹ̀yìn méjì àti egungun itan ló wá yọ wá. Iná kì í tètè ráyè wọ inú eyín ẹ̀yìn. Àmọ́ egungun tó bá ti jó funfun bí ẹfun, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ ẹran ni, èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún tí iná ò dé ni kí wọ́n gé, kó lọ sínú fìrísà kíákíá. Bí iná mànàmáná ò bá dúró, kí wọ́n fi iyọ̀ púpọ̀ sí ẹran náà, kò ní tètè jẹrà.

Ìwé ọlọ́pàá, ẹ máa rí i gbà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Nàìjíríà ò ní ibi àyẹ̀wò DNA. Èkó ṣí tirẹ̀ ní 2017, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n bà á jẹ́ nínú rògbòdìyàn 2020.

Ẹ má sì gba òkú torí bẹ́líìtì tàbí aago ọwọ́ o. Ìdílé kan fẹ́ gbé àbúrò mi lọ torí bẹ́líìtì.

Ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín tí ẹ jọ mu ọmú ìyá kan náà, DNA kan wà tí ọ̀dọ̀ ìyá nìkan la ti ń jogún rẹ̀, ẹ jọ ní in. Ọbàkan yín náà ní èyí tí ọkùnrin ń gbà lọ́wọ́ bàbá. Ẹ lọ pọ̀. Òwú ni wọ́n á fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n yín bá bímọ, ọmọ yẹn àti ìyá rẹ̀ ló dára jù, bí ó bá dá gbogbo yín lójú pé òun ló bí i, torí àyẹ̀wò yìí kì í bo àṣírí. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọnu rẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́, inú àpòòwé ni kí ẹ fi sí, kì í ṣe inú ọ̀rá. Kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín kọ nọ́ńbà tí wọ́n so mọ́ òkú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, torí wọ́n pààrọ̀ tiwa lẹ́ẹ̀kan.