Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé pẹtíṣọ̀n lè lé tíṣà tí kò mọṣẹ́?

Ìbéèrè: Ọ̀kun o, Lọ́yà. Èmi ni alága PTA ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Ìjùmú. Ọjọ́ méjì péré ni tíṣà kíláàsì kẹrin wa ń wá lọ́sẹ̀, tó bá sì wá, ìṣirò tó ń kọ sí pátákó kì í jáde. A ti bẹ hẹ́dìmáásítà títí pé kó lé e, ó kọ̀. Ẹnì kan ní kí a mú ₦80,000 wá, òun á bá wa kọ pẹtíṣọ̀n tí wọ́n á fi lé e láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé kí a san án?

Ìdáhùn: Ọ̀kun o, Alága. Ẹ má san kọ́bọ̀. Irú ìbéèrè yìí ti sú mi í dáhùn, oníṣẹ́ pẹtíṣọ̀n kan kì í sì í ṣàìsí nínú rẹ̀.

Hẹ́dìmáásítà yín kò lè lé tíṣà kankan, bó ti wù kó bínú tó. SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló ni tíṣà. Tíṣà girama wà lọ́wọ́ àjọ mìíràn, TSC. Ohun tó wà níkàáwọ́ hẹ́dìmáásítà ni kó fún un ní kúérì, ìwé tó ní kó ṣàlàyé ara rẹ̀, kó sì kọ̀wé sókè. Kábíyèsí náà kò lè lé e.

Ó wá ku pẹtíṣọ̀n. Àwọn èèyàn wa gbà pé bí orúkọ bá ti kún ìdí ìwé, tí àwọn ìjòyè sì lu òǹtẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ tíṣà nìyẹn. Irọ́ ni. Mo bá tíṣà kan lọ síwájú ìgbìmọ̀ nígbà kan, ní ìlú tí n kò ní dárúkọ. Ojú ewé mọ́kànlá ni pẹtíṣọ̀n tí wọ́n kọ pé kì í wá síṣẹ́, òǹtẹ̀ mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé táìmù búùkù wá, ìwé tí tíṣà ń fọwọ́ sí tó bá dé. Aago méje ààbọ̀ ló wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, bírò kan náà, ọwọ́ kan náà. Ó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Iléyá pàápàá, nígbà tí àgádágodo wà lẹ́nu géètì! Gbogbo wa mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba ni, hẹ́dìmáásítà sì ti fi bírò pupa fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé òun yẹ̀ ẹ́ wò. Kúérì kan ṣoṣo kò sí nínú fáìlì. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni tíṣà padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi tí mo bá a rojọ́, inú mi ò dùn délé.

Òfin kò ní kí a má lé òṣìṣẹ́ ìjọba, ó ní kí a tọ ọ̀nà rẹ̀ ni. Abala 36 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní kí a gbọ́ tẹnu ẹni tí a fẹ́ dá lẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ ní 1981 nínú ẹjọ́ Shitta-Bey, ó tún un sọ ní 1985 nínú ẹjọ́ Olaniyan àti Yunifásítì Èkó, pé òṣìṣẹ́ tí òfin de iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tí a kàn ń sọ fún pé kó máa lọ. Ẹni tí wọ́n bá fi ìkánjú jáwèé gbélé-ẹ fún lè padà dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kó sì gba owó oṣù gbogbo ìgbà tó fi ń ro oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Ẹ ó ní, Kaduna ńkọ́? Lóòótọ́, ní 2017 ìjọba ibẹ̀ ní tíṣà 21,780 ló fìdí rẹmi nínú ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ní òun á lé wọn o, kì í ṣe PTA.

Ẹ̀sùn méjì lẹ pò pọ̀. Àìwá síṣẹ́ láìgbàyè jẹ́ ìwà àìtọ́ tó wúwo. Àìmọṣẹ́ yàtọ̀: ìkìlọ̀ lórí ìwé ló ń ṣáájú, kí alábẹ̀wò sì ti jókòó nínú kíláàsì náà, kó kọ ohun tó rí. Ẹ mú àìwá ṣáájú, òun ló rọrùn jù láti fi hàn. Ẹ ra ìwé olójú ewé ọgọ́ta kan, kí ẹni méjì nínú yín máa kọ ọjọ́ tí kò wá síbẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà bẹ hẹ́dìmáásítà pé kó fún un ní kúérì, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà tiyín tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ "a ti gbà" sí, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Bí oṣù bá kọjá tí kò sí èsì, SUBEB ní Lọ́kọ́ja ló kàn.

Ẹ má sì ní kí wọ́n kàn gbé e kúrò o. Abúlé kan ní Búnú, níbi tí tíṣà kò tó, ni wọ́n á gbé e lọ. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kò ṣẹ̀ wá.

N kò rí fáìlì tíṣà yín, n kò gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé àìsàn ni. Nítorí náà, ẹ má fi ohun tí mo kọ yìí ṣẹ̀rí níwájú ìgbìmọ̀ kankan.

Kí ẹ tó ra ìwé yẹn, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà wo táìmù búùkù. Bí orúkọ tíṣà bá wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì jẹ́ ọjọ́ méjì lẹ ń rí i, ẹ bi hẹ́dìmáásítà léèrè ẹni tó ń bá a fọwọ́ sí i. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni pẹtíṣọ̀n yín ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀.