Prósẹ́sọ̀ mi ń gun 100: ṣé cooler ni kí n pààrọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Core i7-8700K ni mo ń lò, prósẹ́sọ̀ Intel, ọpọlọ kọ̀ǹpútà mi. Mo ti eré rẹ̀ sókè dé 5.0 GHz, mo sì fi ọ̀rọ̀ fóltéèjì sílẹ̀ fún motherboard, pátákó tí prósẹ́sọ̀ jókòó lé, pé kó máa bá mi yàn án. Bí mo bá ti ń to fídíò pọ̀, kì í pẹ́ tó fi ń gun 98, 99, tí á kan 100°C, eré rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Fáànù á wá máa hó gèè. Cooler onífáànù kan, ohun tó ń kó ooru kúrò lára prósẹ́sọ̀, ni mo ní, páìpù bàbà mẹ́rin ló wà lára rẹ̀. Yàrá mi máa ń tó 30°C lọ́sàn-án. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ ra cooler olómi. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì náwó. Afẹ́fẹ́ lásán lè kápá prósẹ́sọ̀ yẹn. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé ooru tí à ń ní kí cooler kó jáde ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, fóltéèjì tó o fi lé motherboard lọ́wọ́ ló sì fà á.

Motherboard tó bá ń yan fóltéèjì fúnra rẹ̀ fún prósẹ́sọ̀ tí wọ́n ti eré rẹ̀ sókè sábà máa ń bu púpọ̀ lé e, kí ẹ̀rọ má baà dákú lójijì. Kò ní yà mí lẹ́nu bó o bá ṣí HWiNFO, ètò tó ń fi fóltéèjì àti ìwọ̀n ooru hàn, tó o sì bá 1.40 V níbẹ̀. Bí eré bá fi ìdá 10 nínú 100 lé, ooru náà á fi bíi 10 lé. Ti fóltéèjì le jù bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wọ inú ìṣirò: fi 10 kún un, ooru á fi 21 lé. Ká ní 1.20 V ló ń gbà nígbà tí core mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àwọn apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, jọ ń sá 4.3 GHz, bó ṣe ti ọ̀dọ̀ Intel wá. Ní 5.0 GHz pẹ̀lú 1.40 V, eré tó o jèrè ò ju nǹkan bí 16 nínú 100 lọ. Ooru tó o fi rà á sún mọ́ 60.

Wá gbé e wálẹ̀ sí 4.8 GHz, kó o sì fọwọ́ ara rẹ kọ 1.25 V sínú BIOS, ojú ìwé ètò motherboard. Eré tó o pàdánù jẹ́ 4 péré nínú 100, ṣùgbọ́n ooru á dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Yàrá rẹ wà ní 30, prósẹ́sọ̀ wà ní 100, àlàfo 70 ló wà láàárín wọn. Àlàfo yìí ni cooler ń bá jà, bí ooru bá sì ṣe ń dín ni òun náà ń dín. Máa retí nǹkan bí 85, o ò sì tíì ra ohunkóhun.

Àwọn prósẹ́sọ̀ yìí, ọmọ ìyá ni wọ́n, ìwà wọn ò dọ́gba. Bí tìrẹ bá dákú lórí 1.25, fi 0.01 lé e, tún un dán wò, títí tí á fi lè ṣe fídíò rẹ tó gùn jù láìkọsẹ̀. Fídíò rẹ gan-an ni mo ní kó o fi dán an wò. Prime95, ètò ìdánwò tó ń lo AVX, irú àṣẹ ìṣirò tó wúwo, máa ń mú prósẹ́sọ̀ gbóná ju iṣẹ́ ojoojúmọ́ lọ, ó sì ń dùn mí bí àwọn èèyàn ṣe ń torí nọ́ńbà rẹ̀ ra cooler tí wọn ò nílò.

Lẹ́yìn èyí, fọwọ́ kàn án. Mo mọyì àyẹ̀wò yìí ju gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ń kọ sójú lọ. Nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ tó le, rọra fi ìka kan páìpù níbi tó ti yọ jáde ní ìsàlẹ̀ cooler, má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, kí ìka má sì kan fáànù. Wá fi kan àwọn ewé alumíníọ̀mù tó wà lókè. Bí ewé bá gbóná dáadáa, tí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́yìn wọn náà gbóná, cooler ń gba ooru, afẹ́fẹ́ tútù ni kò rí fà. Ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Bí ìwọ̀n bá já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ojú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé níwájú ló dí: eruku, tàbí àìsí fáànù níbẹ̀.

Àmọ́ bí prósẹ́sọ̀ bá wà ní 100 tí ewé kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, ooru ò dé ọ̀dọ̀ cooler rárá. Tú u. Wò ó bóyá ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Mo ti bá a lábẹ́ cooler tó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́. Fi ọtí isopropyl nu paste àtijọ́, ìpara tó wà láàárín cooler àti prósẹ́sọ̀, kúrò pátápátá, lára méjèèjì. Iṣẹ́ paste kò ju kó lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú àwọn ihò tíntìntín tí ojú ò rí, torí bàbà ń gbé ooru kọjá ju afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan lọ ní ìlọ́po tó lé ní 10,000. Ìkán kan tó fẹ̀ tó mílímítà 5 láàárín ti tó. Bó o bá ń dè é, lọ́ skúrù kan díẹ̀, kó o bọ́ sí èyí tó wà ní igun òdìkejì, kó o máa pààrọ̀ wọn bẹ́ẹ̀ kí ìdí cooler lè jókòó dọ́gba.

Ìdí mìíràn tí mi ò fi fara mọ́ ti olómi rèé. Lábẹ́ ìdérí bàbà 8700K, paste ni Intel fi sáàárín ìdérí àti chip tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, kì í ṣe solder, irin rírọ̀ tí wọ́n máa ń yọ́ láti fi lẹ nǹkan pọ̀. Wọ́n padà sí solder nígbà tí i9-9900K jáde ní 2018. Ooru tìrẹ gbọ́dọ̀ kọjá lára paste yẹn kó tó kan cooler kankan, ìbáà jẹ́ ti omi, ìbáà jẹ́ ti afẹ́fẹ́. Àwọn kan máa ń ṣí ìdérí náà láti pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò ní gba ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹun nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ á yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, chip á là.

Bó o bá ti ṣe gbogbo èyí tí ọkàn rẹ ṣì wà lára cooler ńlá, Noctua NH-D15, cooler afẹ́fẹ́, ti tó: páìpù mẹ́fà, fáànù mílímítà 140 méjì. Gíga rẹ̀ jẹ́ mílímítà 165, nítorí náà fi rúlà wọn inú àpótí rẹ kó o tó sanwó. Kò ní pọ́ńpù tó lè kú, kò sì ní omi tó lè jò.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni mo ṣe lè mọ apá ibi tí fáànù cooler mi ń fẹ́ sí? Kò sí àmì kankan lára rẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ wo ojú méjèèjì rẹ̀. Ojú tí ẹ ti rí àwọn apá tẹ́ẹ́rẹ́ tó di mọ́tò àárín mú ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ojú yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ sí ewé cooler, kí afẹ́fẹ́ gba àárín wọn kọjá lọ sẹ́yìn àpótí. Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síwájú rẹ̀ kẹ́ ẹ wo bóyá ó fà á mọ́ra tàbí ó tì í dànù.