Èsì: Ibi tí owó ẹja fara pamọ́ sí

Àǹtí mi, ẹ ní àwọn oníbàárà ń wo wẹ́ẹ̀bùsáìtì ẹja yíyan yín l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń pè yín béèrè iye owó. Mo ti wò ó. Abẹ́ “Iṣẹ́ Wa” lẹ kó owó sí. Ta ni yóò wá a débẹ̀?

Ẹ kọ orúkọ ọjà kọ̀ọ̀kan sórí bébà péńpé, kí oníbàárà mélòó kan tò wọ́n jọ bó ṣe yé wọn. Orúkọ tí wọ́n bá pe ìdì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi ṣe mẹ́nù.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù fún ènìyàn 5 kí wọ́n wá owó àrọ̀. Ẹ má júwe o! Láti ọdún 2000 ni Jakob Nielsen ti kọ ọ́ pé ènìyàn 5 tó láti rí èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe. Ìyá mi ni mo fi dán tèmi wò. Èébú ni mo jẹ.