Èéfín iná igbó bo ọgbà àjàrà wa nígbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi àti ọkọ mi ń tọ́jú ọgbà àjàrà éékà mẹ́rin ní Sonoma, ní Kalifóníà. Cabernet, irú àjàrà kan tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì pupa, la gbìn síbẹ̀, ẹnìkan tó ń ṣe wáìnì ló sì ń rà á lọ́wọ́ wa lọ́dọọdún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná igbó jó dé etí ọgbà. Ìlà méjì ló bá a lọ, èéfín sì bo ìyókù fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo tọ́ èso náà wò, ó dùn bó ṣe máa ń dùn. Ṣùgbọ́n oníbàárà wa ní òun ò rà á mọ́. Ṣé ó kàn ń wá ọ̀nà àtijáwọ́ ni? Kí la ó ṣe sí àwọn igi tó jóná, kí la sì lè ṣe sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu iná o, mà. Kí ẹ tó ka èyí tó kù, tí ẹ bá ní adójútòfò ìjọba àpapọ̀ lórí àjàrà yín, ẹ pe aṣojú wọn. Wákàtí 72 ni wọ́n ń fúnni láti ìgbà téèyàn bá ti rí i pé nǹkan bàjẹ́. Ẹ má torí pé ọjọ́ ti lọ kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ pè wọ́n lónìí. Ẹ má ká èso kankan dànù, ẹ má hú igi kankan, títí ẹni tí wọ́n bá rán yóò fi wá wò ó. Mo ti rí àgbẹ̀ tó fi ìbànújẹ́ gé gbogbo èso rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí kò wá rí ohun tí yóò fi han ẹnikẹ́ni.

Ní ti oníbàárà yín, ẹ má tíì bínú sí i. Òótọ́ ni pé èso náà dùn, ẹ̀rù tó ń bà á sì lè tọ́. Nígbà tí igi bá ń jó, èéfín rẹ̀ máa ń gbé àwọn èròjà kan dání. Guaiacol àti cresol wà lára wọn. Wọ́n á gba èèpo wọ inú èso, èso á sì so wọ́n mọ́ ṣúgà tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti wà ní síso báyìí, imú ò gbóòórùn wọn, ahọ́n ò sì mọ̀ wọ́n. Ìgbà tí omi èso bá ń hó, tó ń di wáìnì, ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, wọ́n á sì tún máa tú díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú àgbá. Kódà itọ́ ẹnu ń tú wọn: èèyàn á gbé wáìnì mì tán kó tó máa mọ eérú lọ́nà ọ̀fun. Guaiacol yìí kan náà wà lára ohun tó ń mú kí ẹja yíyan máa ta sánsán. Òórùn igi tí à ń wá nínú ìrẹsì òde àríyá, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ nínú ife wáìnì. Fífi omi fọ èso ò sì wúlò fún un. Eérú ojú èèpo nìkan lomi ń ṣí kúrò.

Kì í ṣe gbogbo èéfín ló ń ba àjàrà jẹ́ ṣá o. Èyí tó ti rin ìrìn ọjọ́ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde lára iná nítòsí ló burú, pàápàá láti ìgbà tí èso bá ti ń yí àwọ̀ padà títí di ìkórè. Bọ́rọ̀ tiyín ṣe rí gan-an nìyẹn, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù kọ́ la fi ń dá èso lẹ́jọ́.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi dán an wò. Ẹ ká èso díẹ̀ láti ìlà tó sún mọ́ iná, kí ẹ ká òmíràn láti àárín ọgbà, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ẹ tẹ̀ wọ́n, ẹ fi ìwúkàrà sí i, kí ẹ gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ó ti di wáìnì. Ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù, kí ẹ pe oníbàárà yín wá tọ́ ìyókù wò, òun àti èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí ahọ́n àwọn kan kì í mọ èéfín rárá. Ẹ tètè ránṣẹ́ o. Lọ́dún 2020, lẹ́yìn iná tí mànàmáná dá sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ, iná igbó mìíràn tí wọ́n pè ní Glass Fire tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, ó sì jó ju 67,000 éékà lọ ní Napa àti Sonoma. Èrò pọ̀ ní láàbù débi pé ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń dúró de èsì, àjàrà ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ilé wáìnì ni kò ṣe wáìnì pupa rárá lọ́dún náà.

Bí èsì bá fi hàn pé èéfín náà ò pọ̀, ẹ bá oníbàárà yín sọ̀rọ̀ nípa rosé, ìyẹn wáìnì tí pupa rẹ̀ kò dúdú. Inú èèpo ni èéfín ń gbé jù. Tí ẹ bá fọwọ́ ká a, tí ẹ jẹ́ kó tutù, tí wọ́n sì rọra fún omi rẹ̀ láìjẹ́ kó bá èèpo sùn, owó díẹ̀ lè ṣì ti ibẹ̀ jáde.

De ọdún tó ń bọ̀: ẹ máa gé koríko ààrin ìlà àti etí ọgbà mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ ro ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà yí ilé ká. Ẹ ra jẹnẹrétọ̀ fún ẹ̀rọ omi, torí wọ́n máa ń pa iná ìjọba nígbà tí ìjì bá ń jà. Ẹ gba ìwé tó ń jẹ́ kí àgbẹ̀ kọjá níbi tí ọlọ́pàá ti dínà lásìkò iná. Ẹ fi omi èso tí èéfín ò kàn pamọ́ sínú fìrísà, kí láàbù lè rí ohun tí wọ́n á fi wé tuntun. Ìdí ni pé àwọn àjàrà kan, bíi Syrah, ní guaiacol lára láti ilẹ̀ wá, bí èéfín ò tilẹ̀ kàn wọ́n. Àdéhùn yín pẹ̀lú oníbàárà sì gbọ́dọ̀ sọ kedere ta ni yóò ru àdánù bí èéfín bá dé, láàbù wo ni ẹ ó sì gbà gbọ́. Ohun tí mi ò lè fojú fò rèé: bí òṣùwọ̀n ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ (AQI) bá dé 151, òfin Kalifóníà ní kí ẹ pèsè ìbòmú N95 fún gbogbo ẹni tó ń bá yín ká èso níta.

Ní ti ìlà méjì tó jóná, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ó ṣeé ṣe kí rọ́bà tó ń ro omi sídìí wọn ti yọ́, òùngbẹ sì lè pa igi tí iná ò pa. Ẹ fi ọ̀bẹ ha èèpo ìtì wọn díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù tó sì jẹ́ àwọ̀ ewé, ó ṣì ń mí. Bó bá gbẹ tó pọ́n bí tábà, apá ibẹ̀ ti kú. Àmọ́ ẹ má gé e títí ìgbà ìrúwé, kí ẹ rí ibi tí yóò ti hù. Orí gbòǹgbò igi àjàrà mìíràn ni wọ́n máa ń so Cabernet mọ́. Èyí tó bá hù lókè ojú ibi tí wọ́n ti so igi méjèèjì pọ̀, Cabernet yín ni. Ẹ lè fi tọ́ ìtì tuntun dìde. Èyí tó bá hù nísàlẹ̀ rẹ̀, igi gbòǹgbò lásán ni, ẹ ó fi igi mìíràn rọ́pò rẹ̀.