“Fend for me” kọ́, “defend me” kọ́ ni kí ẹ kọ sínú lẹ́tà yẹn

Màmá, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìrìnàjò. Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ lẹ́tà tí ẹ ó fi tọrọ físà àbẹ̀wò lọ sí London, pé ọmọ yín tó wà níbẹ̀ ni yóò máa gbọ́ bùkátà yín títí ẹ ó fi padà wálé. Ẹ wá béèrè bóyá “My son will fend for me” ló tọ̀nà, àbí “My son will defend me”, torí tíṣà àdúgbò yín ní ìkan náà ni méjèèjì. Kò sí èyí tó dáa níbẹ̀. “My son will support me” ni kí ẹ kọ.

Mi ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣá, torí ẹni tí irú gbólóhùn yìí bá ti dójú tì rí níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba kò ní fẹ́ kí ẹlòmíràn kó sí i. Àwọn tíṣà yìí ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n á ní “fend” ni “defend” tí wọ́n gé lórí. Irọ́ kọ́: ara “defend” ni òyìnbó ti gé e yọ, ó ti lé ní 600 ọdún, bí wọ́n ṣe gé “fence” yọ lára “defence”. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti kúrò nílé bàbá rẹ̀ láti ìgbà yẹn ti kọ́lé tirẹ̀. Tí wọ́n bá sọ ìtàn yìí nìkan fún ọmọ iléèwé, tí wọn ò sọ bí a ṣe ń lò ó, ó máa lọ kọ “The lawyer fended his client”. Wọ́n á fi bírò pupa fà á, kò sì ní mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ náà rèé. Lẹ́yìn “defend”, ẹni tí à ń gbèjà ló ń tẹ̀lé e: defend the child, defend your name. Ọ̀tá ń bọ̀ lẹ́yìn, “against” tàbí “from” ló sì ń mú un wọlé: defend the house against thieves. “Fend” ní tirẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láìsí alárinà lóde òní. “Off” ni alárinà kan, ọ̀tá fúnra rẹ̀ ló sì ń tẹ̀ lé ìyẹn. “The woman fended off the dog”: ajá fẹ́ bu obìnrin náà jẹ, ó lé e sẹ́yìn. “The woman defended the dog”: àwọn kan fẹ́ na ajá, obìnrin náà ló gbà á sílẹ̀. Ajá kan náà, ó di ọ̀tá níbì kan, ó di ẹni à ń gbà sílẹ̀ níbì kejì. Ẹni tó bá kọ “She fended off her child” nígbà tó fẹ́ sọ pé ìyá gbèjà ọmọ ti sọ ìyá yẹn di ẹni tó ń ti ọmọ rẹ̀ dànù. “Defend off” kò sí rárá, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń kọ ọ́ ṣáá.

Ẹ rántí fẹ́ńdà ọkọ̀. Táyà ló ń ta ẹrẹ̀, fẹ́ńdà ló ń dá a padà. Táyà àlòkù tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi kó má baà gbá èbúté, fẹ́ńdà náà ni òyìnbó ń pè é. Ẹrẹ̀ kò tán nílẹ̀, èbúté kò kúrò níbẹ̀. Kí wọ́n má ṣáà dé ara ọkọ̀ ni. Bí “fend off” ṣe rí nìyẹn. Èèyàn lè fend off ẹ̀fọn, olówó tó wá sin gbèsè, tàbí ìbéèrè oníròyìn, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣubú.

Ẹ lè kọ “fend off the dogs”, ẹ lè kọ “fend the dogs off”, ṣùgbọ́n tó bá ti di “them”, “fend them off” nìkan ló kù. Tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá, “fended” ni. Ẹ má fi wé send àti sent.

“For” ni alárinà kejì, ibẹ̀ ni lẹ́tà yín ti fẹ́ bàjẹ́. “Fend for” kò ní ìjà nínú mọ́. Kéèyàn máa wá oúnjẹ, aṣọ àti ibùgbé fúnra rẹ̀ láìsí olùrànlọ́wọ́ ni. Ara ẹni ló sì máa ń tẹ̀lé e: myself, yourself, himself, herself, ourselves, themselves. Ohun tó ń jẹ́ kí àwa máa kọ “I fend for my family” ni pé gbígbọ́ bùkátà la ní lọ́kàn, gbígbọ́ bùkátà kì í sì í yan ẹni. Èèyàn lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, ti òbí, ti ọmọ àbúrò. Òyìnbó pín in sọ́tọ̀: tara ẹni ni “fend for”, tẹlòmíràn ni “provide for” tàbí “support”. Ẹ máa rí “fend for his children” nínú ìwé ìròyìn wa, àwọn òyìnbó kan náà sì ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà físà kọ́ ni ibi tí a ti ń dán irú rẹ̀ wò.

Ohun míràn wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá èdè kì í là yéni. “Fend for” máa ń rùn bí ẹni tí wọ́n pa tì. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tó ń bá rìn: “left to fend for themselves”, “had to fend for herself”. Wọ́n fi àwọn ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n máa wá tẹnu ara wọn ni. Tí ẹ bá kọ “I have been fending for myself since my husband died”, ẹ rò pé ẹ sọ pé alágbára obìnrin ni yín. Òṣìṣẹ́ tó ń kà á lè kà á sí pé ẹ kò ní, ẹ kò sì lẹ́nìkan, kó sì máa rò ó pé kí ló máa dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà wálé. Tí ẹ bá fẹ́ fi hàn pé owó wà lọ́wọ́ yín, “I pay my own expenses” ni, kí ẹ sì dárúkọ ibi tí owó ti ń wọlé: owó ìfẹ̀yìntì, ṣọ́ọ̀bù, owó ilé tí ẹ fi rẹ́ǹtì.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan, torí àwọn ọ̀dọ́ ń kà á. “Wọ́n gbèjà ara wọn” ní ìtumọ̀ méjì lédè wa. Tí kálukú bá gbèjà orí tirẹ̀, “They defended themselves” ni. Tí èyí bá gbèjà ìyẹn tí ìyẹn náà gbèjà èyí, “They defended each other” ni. Ó lè fa wàhálà ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí àwọn kan wà tó ń báni kọ stétímẹ́ńtì tí wọn kì í bìkítà. Wọ́n á gbọ́ pé o ti ẹni tó ń lù ọ́ sẹ́yìn, wọ́n á kọ “I retaliated”, ìyẹn ni pé o gbẹ̀san. “I pushed him away” ni ohun tó ṣẹlẹ̀, ìyẹn sì ni kí wọ́n kọ. Má fọwọ́ sí ohun tí o kò kà. Ní kóòtù náà, ṣọ́ra fún “I will defend myself”. Òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 36(6)(c), fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn ní ẹ̀tọ́ láti “defend himself in person” tàbí nípasẹ̀ lọ́yà tó bá wù ú. Ẹni tó bá sọ ọ́ lásán, wọ́n lè gbọ́ ọ bí ẹni tó ní òun kò fẹ́ lọ́yà.

Mo ti rìn jìnnà sí lẹ́tà yín, mà. Ohun tí òfin físà àbẹ̀wò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa náwó síni lórí ni pé kí àjọṣe gidi wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì, kí òun fúnra rẹ̀ má rú òfin ìwọ̀lú, kí ó sì lágbára láti ṣe é fún gbogbo àsìkò tí ẹ ó lò. “Maintenance” àti “accommodation” ni ọ̀rọ̀ wọn, oúnjẹ àti ibùgbé. Nítorí náà: “My son will pay for my ticket. I will stay in his house, and he will pay for my maintenance during my visit.” Kí ẹ fi ọjọ́ ìlọ àti ọjọ́ àbọ̀ sí i, àbẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà ju oṣù 6 lọ. Kí ọmọ yín kọ lẹ́tà tirẹ̀, kí ó fi ìwé báńkì rẹ̀ tì í.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín kọ “I depend on my son for everything” síbẹ̀ nítorí kí ọ̀rọ̀ lè wọ òyìnbó lára. Òbí tó fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ títí ayé ló ń sọ bẹ́ẹ̀, físà tìyẹn yàtọ̀ pátápátá, àbẹ̀wò lẹ̀yin sì ń lọ.

P méjì ló wà nínú “support”, mà. Àwọn tó ń bá èèyàn tẹ lẹ́tà ní kàfé máa ń jẹ ọ̀kan.