Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ ọdún 13 wo Koe no Katachi?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Manchester la wà. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 13, fẹ́ wo fíìmù àwòrán ilẹ̀ Japan kan, Koe no Katachi, èyí tí wọ́n ń pè ní A Silent Voice níbí. Ó ní ìtàn ọ̀rẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ kéèyàn fẹ́ gbẹ̀mí ara rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ṣé kí n jẹ́ kó wò ó? Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, màá. Ẹ jẹ́ kó wò ó, ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í. Ẹ má gbé fóònù lé e lọ́wọ́ kẹ́ ẹ wá wọ kíṣìnì lọ. Tẹlifíṣọ̀n ló yẹ ẹ́, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ibẹ̀, ìyẹn èdè àwọn adití, ojú fóònù á sì gbé e mì. Naoko Yamada tó darí ẹ̀ lọ́dún 2016 fẹ́ràn kó máa fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ èèyàn hàn wá. Shoya, ọmọkùnrin inú ìtàn náà, kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ ló máa ń wò. Àwa náà á máa bá a wolẹ̀. Àmì X ńlá ló lẹ̀ mọ́ ojú àwọn èèyàn tó yí i ká.

Ibi méjì ló yẹ kẹ́ ẹ múra sílẹ̀ dè. Àkọ́kọ́ ò pẹ́ rárá: fíìmù ò tíì gbóná tí Shoya ti ta ẹrù ẹ̀, tó kó owó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyá ẹ̀ sùn sí, tó sì gun orí afárá. Kò bẹ́. Owó ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lowó yẹn. Nígbà tó wà ní kíláàsì kẹfà, òun ló ń já ẹ̀rọ kúrò létí Shoko, ọmọ adití tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìyá ẹ̀ ló sì san gbogbo ẹ̀. Ìkejì ni alẹ́ tí wọ́n ń yin iná aláràbarà sójú ọ̀run, lẹ́yìn ìdajì fíìmù dáadáa. Shoko á ní òun ń lọ kàwé nílé. Tẹ́ ẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ mú rìmóòtù dání. Ẹ ti sọ fún ọmọ ṣáájú pé Shoko máa fẹ́ fò láti báńkónì, àti pé kò ní kú. Ìtàn ò ní bàjẹ́, ìpayà ló máa dín kù.

Bí ìṣẹ́jú 130 ni, ẹ pín in sí ọ̀sán méjì, kì í ṣe alẹ́ tó kù díẹ̀ kó sùn. Ẹ dúró lẹ́yìn ìgbà tí àmì X já bọ́ lójú Nagatsuka, ọ̀rẹ́ àkọ́kọ́ tí Shoya ní nílé ìwé girama. Tẹ́ ẹ bá dúró sáàárín ìgbà tí wọ́n ń fi Shoko ṣe yẹ̀yẹ́, inú ọmọ á kàn dàrú sùn ni.

Ẹ fi ohùn Japan wò ó, kẹ́ ẹ máa ka Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀. Ibì kan wà tí Shoko fẹ́ fi ẹnu sọ fún Shoya pé suki, ìyẹn ni pé ó fẹ́ràn ẹ̀. Etí Shoya gbọ́ tsuki, òṣùpá, ló bá gbójú sókè ọ̀run. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ ọkọ àti ọkọ̀ ò ní pẹ́ lóye ẹ̀. (Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ bí igi dùrù ṣe ń ró gbì-gbì lábẹ́ orin, tẹlifíṣọ̀n yín ò bàjẹ́ o. Inú dùrù gan-an ni Kensuke Ushio, tó ṣe orin fíìmù náà, gbé ẹ̀rọ agbohùn sí.)

Ṣùgbọ́n ohun tó máa ṣi àwa òbí Yorùbá lọ́nà jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikú yẹn. Ẹ̀bẹ̀ tí Shoko máa ń bẹ̀ ni. Wọ́n já a létí, ó bẹ̀bẹ̀. Wọ́n bínú sí i, ó tún bẹ̀bẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwa á ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ rèé! Ẹ dúró dé ibi tí òun àti Ueno, ọmọ kíláàsì wọn àtijọ́, ti jọ jókòó nínú àgbá ńlá tó ń yí lókè (Ferris wheel): ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ jáde pé òun kórìíra ara òun. Ẹ̀bẹ̀ yẹn kì í ṣe ìwà pẹ̀lẹ́, ìrora ọkàn ni. Nítorí náà, ẹ má béèrè pé ẹ̀kọ́ wo ló kọ́. Ẹ béèrè pé, "Kí ló dé tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ fi ń bẹ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ má sì sọ pé "ó ti dárí jì í, ó parí", nítorí kò parí bẹ́ẹ̀: Shoya ń gbé e kiri títí dé òpin.

Tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ lórí ohun tí kò ṣe, tàbí tó ní ìnira lòun jẹ́ fún yín, ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ti rò ó rí láti pa ara ẹ̀. Ìbéèrè yẹn kọ́ ló ń fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ní UK, ẹ lè pè fún ìrànlọ́wọ́: Childline, fún àwọn ọmọdé, ni 0800 1111, Samaritans, fún gbogbo èèyàn, ni 116 123, tọ̀sán-tòru, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹni tó bá wà ní Amẹ́ríkà, 988 ni kó tẹ̀.