Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Irun Àgùntàn, Ìrànwú àti Òwú Tó Ń Já

Lẹ́tà tó wọlé lórí òwú ríran pọ̀ lóṣù yìí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kan ọ̀pọ̀ èèyàn la ṣà síbí. Ìrànwú, ìyẹn igi tí a ń yí láti fi ran òwú, ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé fẹjọ́ rẹ̀ sùn, àmọ́ tí a bá tọ ẹjọ́ náà dé ìdí, inú omi tí wọ́n fi fọ irun ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra odidi irun àgùntàn kan tí wọn ò tíì fọ̀. Mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ, mo sì fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ṣòkòtò. Apá kan dì gbagidi bí ìtẹ́sẹ̀, apá kejì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ títí di báyìí. Ṣé omi yẹn ló gbóná jù?

Ìdáhùn: Rárá o. Àṣìṣe méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀. Fọ́nrán irun àgùntàn kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ́ lára bíi ti ẹja, àfi pé ojú lásán kò lè rí i. Nínú omi ọlọ́ṣẹ tó gbóná, ìpẹ́ yìí á là. Tí ẹ bá wá ń gbo ó, wọn á kọ́ ara wọn mọ́ra, kò sì sí ohun tó tún lè tú wọn. Gbígbo tí ẹ gbo ó ló jẹ̀bi. Kéèyàn sì gbé irun látinú omi gbígbóná bọ inú omi tútù lójijì máa ń dá kún un.

Èyí tó ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ọ̀rá ara àgùntàn ni, èyí tí wọ́n ń pè ní lánólíìnì. Ní nǹkan bí 40°C ló ń yọ́. Tí omi bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó kó irun jáde, ọ̀rá tó ti yọ́ á padà lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, omi tiyín ò tiẹ̀ gbóná tó, tàbí kẹ̀ ẹ jẹ́ kó pẹ́ jù.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ẹ tẹ́ irun náà sílẹ̀ gbalaja kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan omi. Ẹ yọ ti abẹ́ ikùn àti ti ìdí tí ìgbẹ́ ti gan mọ́ kúrò. Ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa kí irun kéékèèké tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 2 lè já bọ́. Ibi tí abẹ ti gba ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì ni irú irun bẹ́ẹ̀ ti wá, ẹ má ṣe fi pa mọ́ láé.

Ẹ wọn nǹkan bíi gíráàmù 500, kẹ́ ẹ pín in sínú àpò nẹ́ẹ̀tì méjì tàbí mẹ́ta láìkì í mọ́lẹ̀. Ẹ bu omi tó gbóná tó 60°C kún abọ́ ńlá, ó kéré tán lítà 15. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ìgbà tí omi bá ti kún tán lẹ ó tó da ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sí i, kí ó má baà hó. Ó ti tó nígbà tí omi bá ń yọ̀ láàárín ìka. Ẹ gbé àpò náà lé e, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí onígi rì í sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má rò ó, ẹ má yí i. Ẹ má sì jẹ́ kí omi ẹ̀rọ máa dà lé e lórí tààrà. Ẹ gbé e jáde, ẹ jẹ́ kó ro, kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ìdajì ọṣẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi lásán ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, omi tí ooru rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Ẹ ká a sínú táwẹ́ẹ̀lì, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sá a lórí nẹ́ẹ̀tì níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.

Tí gíráàmù 500 bá gbẹ tán tó ku 300, kò sẹ́ni tó jí i o. Ọ̀rá, òógùn àti erùpẹ̀ ló bá omi lọ. Ẹ má sì lé gbogbo ọ̀rá náà tán pátápátá, díẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù máa ń jẹ́ kí irun rọrùn láti fà.

Ìbéèrè: Pátákó ìyarun eléyín wáyà àti òòyà irin, èwo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ìdáhùn: Irun tó wà lọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ yọ ìdì kékeré kan, ẹ nà án díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé rúlà tì í. Tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 8, pátákó ni. Tó bá ju 10 lọ, òòyà. Èyí tó bá bọ́ sáàárín, irú òwú tẹ́ ẹ fẹ́ ló máa sọ. Pátákó máa ń da irun rú kiri, atẹ́gùn á ráyè sínú rẹ̀, òwú rẹ̀ á fúyẹ́, á sì móoru. Òòyà máa ń to irun jọ gbọọrọ, á sì mú èyí tó kúrú sẹ́yìn. Òwú rẹ̀ máa ń dán, ó sì máa ń lágbára. Èyí tó kù sára òòyà, ẹ má dà á nù. Ẹ fi pátákó yà á.

Àwọn tó bá ra pátákó máa ń di irun púpọ̀ jù lé e. Ẹ̀yin gbọ́dọ̀ ṣì lè rí eyín wáyà lábẹ́ irun. Ẹ fà á gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, kí orí eyín kan orí eyín. Tí ẹ bá gbọ́ ìró bíi ti èékánná lára páànù, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ ká a kúrò bí ẹní.

Ìbéèrè: Mo ya irun mi títí, síbẹ̀ kókó wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀.

Ìdáhùn: Yíyà tẹ́ ẹ yà á títí lè jẹ́ ohun tó fà á gan-an. Irun tó bá já lórí pátákó máa ń ká jọ, á sì di kókó. Àwọn kókó mìíràn wá látara irun kéékèèké tí wọn ò gbọ̀n dànù, àwọn kan sì wá látara irun tó ti kú lórí àgùntàn. Ẹ dán irun wò kẹ́ ẹ tó rà á: ẹ di ìdì kékeré kan mú lórí àti nídìí, ẹ gbé e súnmọ́ etí, kẹ́ ẹ já a lójijì. Tó bá dún gbọnrangandan bí okùn gìtá, ó le. Tó bá ń dún pàrà-pàrà, ó ti rọ. Tó bá jẹ́ ṣóńṣó orí rẹ̀ nìkan ló ń já, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ṣóńṣó náà kúrò, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá jẹ́ àárín ló ti já, ẹ má rà á.

Ìbéèrè: Ìrànwú mi ń já bọ́ nílẹ̀ ṣáá. Níbi tí kò bá ti já, òwú á tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tó bá tún yá á wú tó ìka ọwọ́. Ẹ gbà mí.

Ìdáhùn: Ẹ gbé ojú ibi tó já wò. Tí irun ibẹ̀ bá tú yẹ́ẹ́, tó dà bíi pé ṣe ló yọ̀ kúrò lára èkejì, ìlọ́ rẹ̀ kò tó. Wàhálà ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ohun tó sì máa ń fà á ni pé wọn kì í tètè rí i nígbà tí ìrànwú bá ti dúró tó sì ń yí padà sẹ́yìn. Gbogbo ìlọ́ tẹ́ ẹ ti kó sínú òwú ló ń tú nígbà náà. Tí ibi tó já bá mú ṣóńṣó, tí òwú sì ti ń ká kò, ìlọ́ ti pọ̀ jù, tàbí kí ìrànwú wúwo jù fún òwú tó tín-ín-rín. Gíráàmù 30 sí 40 tó ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ti gíráàmù 70, òwú nípọn-nípọn ló wà fún.

Ti pé ó ń tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wú: bí omi ṣe ń wá ibi tó rẹlẹ̀ lọ ni ìlọ́ ń wá ibi tó tín-ín-rín lọ. Ibi tó tín-ín-rín á lọ́ káká, ibi tó wú á kàn wà níbẹ̀ láìnílọ́, ibẹ̀ náà ló sì máa já lọ́la. Ẹ di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó wú mú, ẹ tú ìlọ́ rẹ̀ díẹ̀, ẹ fà á títí á fi bá ìyókù dọ́gba, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ìlọ́ padà wọ̀ ọ́.

Ẹ wo àlàfo ọwọ́ yín pẹ̀lú. Tí irun yín bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 8, ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ jìnnà síra tó 10. Tí wọ́n bá súnmọ́ra ju gígùn irun lọ, orí àti ìdí fọ́nrán kan náà lẹ dì mú, ẹ ò sì lè fà á láé. Èèyàn á rò pé irun ló burú. Ọwọ́ ẹ̀yìn ní láti rọ̀, bí ẹni di òròmọdìyẹ mú.

Títí ọwọ́ yín á fi mọ iṣẹ́, ẹ ya yíyí sọ́tọ̀ kúrò lára fífà. Ẹ so òwú àtijọ́ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60 mọ́ ìrànwú, ẹ tẹ́ irun lé orí rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 láìta á ní kókó, kẹ́ ẹ yí ìrànwú sí apá ọ̀tún títí òwú náà á fi kún fún ìlọ́. Ẹ wá fi orúnkún há ìrànwú náà mọ́lẹ̀. Ó dúró, kò lè yí padà. Ẹ fi ọwọ́ iwájú fún ẹnu òwú pọ̀, ẹ fa irun, ẹ rọra yọ́ ọwọ́ lọ sẹ́yìn kí ìlọ́ lè tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìlọ́ bá tán, ẹ tún un yí.

Ìbéèrè: Kẹ̀kẹ́ òwú mi ń já òwú gbà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sì dẹ okùn tó ń mú bọ́bìnnì rẹ̀, ìyẹn ibi tí òwú ń ká sí, kò gbé e mọ́, òwú á wá lọ́ kòlòkòlò.

Ìdáhùn: Díẹ̀ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa dẹ okùn náà, kò ju ìdámẹ́rin yíyí kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Kó tó di pé ẹ bú okùn, ẹ yọ fọ́nrán irun tó há sí ẹnu ihò àti ara ìkọ́, kẹ́ ẹ sì kán òróró sí ibi tí bọ́bìnnì ti ń yí. Bí bọ́bìnnì bá ṣe ń kún, ẹ ó tún máa fún okùn le díẹ̀. Tí òwú bá ṣì ń lọ́ jù, ẹsẹ̀ yín ló yá ju ọwọ́ lọ. Lórí kẹ̀kẹ́ tí bọ́bìnnì rẹ̀ ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́jọ fún ìtẹ̀ kan, ìtẹ̀ méjì fún sẹ̀ǹtímítà 5 òwú jẹ́ ìlọ́ 16. Ẹ máa kà á sókè fún ìgbà díẹ̀.

Ìbéèrè: Mo hun fìlà pẹ̀lú òwú tí mo ran fúnra mi, ó ń dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìdáhùn: Òwú ẹyọ kan lẹ fi hun ún, ìlọ́ rẹ̀ sì ń wá ọ̀nà àtitú. Ẹ lọ́ méjì pọ̀. Tí ẹ bá ti ran òwú ẹyọ méjèèjì sí ọ̀tún, òsì lẹ ó yí wọn sí nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ́ wọn pọ̀, ìlọ́ méjèèjì á sì gbé ara wọn ró. Kí ẹ tó dáwọ́ òwú ẹyọ kan dúró, ẹ jẹ́ kí sẹ̀ǹtímítà 20 rẹ̀ ká lu ara rẹ̀: bó ṣe rí níbẹ̀ ló máa rí tẹ́ ẹ bá lọ́ ọ pọ̀. Ẹ gé ẹyọ yẹn, ẹ so ó mọ́ páálí, torí tí òwú bá sùn mọ́jú lórí bọ́bìnnì, ìlọ́ rẹ̀ á fara pa mọ́, ẹ lè rò pé kò tó.

Ẹ di òwú náà ní ìdì ńlá, ẹ so ó níbi mẹ́rin, kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ fún un, ẹ gbọ̀n ọ́n gbà, kẹ́ ẹ gbé e kọ́. Àwọn kan máa ń so nǹkan wúwo mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè nà. Ó máa nà lóòótọ́, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ fìlà náà.

Ìbéèrè: Kòkòrò ti wọ inú irun tí mo tọ́jú.

Ìdáhùn: Ìdin labalábá kékeré tó ń jẹ irun ni. Ẹ gbé èyí tó bajẹ́ dànù. Ẹ fi ìyókù sínú ọ̀rá, ẹ dì í pinpin, ẹ gbé e sínú fíríísà ní -18°C fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má ṣí ọ̀rá náà títí á fi yọ́ kúrò nínú òtútù tán, kí omi má baà sẹ̀ sára irun.